Tòlótòló tí kò bá mi délé

Ẹ má bi mí bóyá mo ti múra ọdún. Ẹni tí òkú tòlótòló dójú tì láàárín ọjà lẹ ń wò yìí. Kò ní orí o, kò ní ojú, wọ́n ti fi ọ̀rá dì í pinpin, ó sì ti gan bí òkúta. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń gbé e kúrò níwájú mi padà sínú fìríísà, mo rí i pé ó wò mí.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú Ádífẹ́ǹtì, pásítọ̀ wa ní Manchester níbí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin la ní láti fi múra ọkàn wa sílẹ̀ de Olúwa. Gbogbo ìjọ ní "Àmín!" Ọkàn ò náni lówó, ìdí nìyẹn tí Àmín yẹn fi rinlẹ̀. Kò pẹ́ ni wọ́n mú ìwé jáde: àjọjẹ Kérésì. Ta ló máa se ìrẹsì? Ọwọ́ yọ. Ta ló máa ṣe mọ́ínmọ́ín? Ọwọ́ yọ. Ta ló máa gbé tòlótòló? Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì dákẹ́ lọ gbári. Ẹnì kan ń wá nǹkan nínú báàgì. Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ó ń so okùn bàtà, bẹ́ẹ̀ bàtà rẹ̀ ò lókùn. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo ti rí ọwọ́ kan tó gòkè. Mo fojú tẹ̀lé ọwọ́ náà wálẹ̀, láti ìka dé ìgbòǹwọ́, láti ìgbòǹwọ́ dé èjìká, mo bá a tó lẹ̀ mọ́ mi lára.

Lọ́jọ́ náà, mo ní Ẹ̀mí ló gbé e sókè. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé ẹran ara ni. Pásítọ̀ ní, "Ẹyọ kan, àbí?" Ni mo bá tún kọ́là aṣọ mi ṣe, mo ní, "Méjì!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ìyàwó mi ò sọ̀rọ̀. Ó kàn wò mí bí ẹni ń wo mítà iná tó ku pọ́n-ùn kan. Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Bàbá Tòlótòló.

Ká sòótọ́, apá mi ìbá ká tòlótòló méjì. Mo ti ń tọ́jú owó ófátáìmù díẹ̀díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan. Ohun tí mo gbàgbé ni pé Ìyá Kékeré wà láyé.

Àbúrò ìyá mi ni Ìyá Kékeré. Wọn ò mọ ìhà tí Manchester kọjú sí, àmọ́ wọ́n mọ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ pọ́n-ùn láàárọ̀ yìí, wọ́n sì lè sọ fún ọ bó ṣe máa rí tó bá di ìrọ̀lẹ́. Voice note ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àkọ́kọ́, oríkì àti àdúrà. Lẹ́yìn náà ni ìkíni: wọ́n kí ìyàwó mi, wọ́n kí àwọn ọmọ, wọ́n kí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́, wọ́n kí ọba ilẹ̀ yìí. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Ọkọ mi, n ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu o."

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá ti ní òun ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu, tètè wá ibi jókòó sí.

Àpò ìrẹsì méjì. Òróró. Adìẹ, "kì í ṣe ti fìríísà o, èyí tó ń kọ ni." Aṣọ ọdún fún àwọn ọmọdé inú ilé. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mẹ́fà ni. Lọ́dún yìí, wọ́n ti di mẹ́sàn-án, bẹ́ẹ̀ n ò gbọ́ pé ẹnì kankan lóyún. Mo béèrè. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n máa ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ ni?" Òótọ́ kúkú ni, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Owó aṣọ wọn nìkan là ń kà.

Mo fi owó ránṣẹ́ lálẹ́ Ẹtì. Kọ̀rọ̀ ṣófo.

Ẹ wá fẹ́ mọ ohun tó gbé mi dé ọjà lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n ní owó ófátáìmù tó kù á wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n ní o. Hébérù orí 11 sì ní ìgbàgbọ́ ni ìdánilójú ohun tí à ń retí. Mo gbà á gbọ́. Báńkì ni ò ka Hébérù.

Ṣíìfù òru ni mo ti bọ̀. Mo sùn wákàtí méjì, mo dìde, mo kọrí sí súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ẹ rò pé àwa nìkan la máa ń ya wèrè lọ́dún. Òfin kan wà nílẹ̀ yìí láti ọdún 2004: ilé ìtajà tó bá fẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 280 lọ ò gbọdọ̀ ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ọjọ́ kan péré! Àmọ́ tí ẹ bá rí bí òyìnbó ṣe ń kó búrẹ́dì, ẹ ó ní ìyàn ọdún méje tí Jósẹ́fù sọ fún Fáráò ló dé. Ìyá àgbà kan fi ìgbòǹwọ́ gún mi nítorí kábéèjì wínníwínní kan tí àwọn fúnra wọn kì í fẹnu kàn tí Kérésì bá ti lọ. Ó ní kí n má bínú. Ó tún gún mi.

Mo gbé tòlótòló méjì, kílò mẹ́fà mẹ́fà. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ nílùú yìí ní tó bá jẹ́ inú fìríìjì ni yìnyín ti máa yọ́ lára rẹ̀, kílò kan á gba wákàtí mẹ́wàá sí méjìlá. Mo ṣírò rẹ̀: ó ń lọ sí ọjọ́ mẹ́ta. Lásárù gan-an, ọjọ́ mẹ́rin ló lò nínú ibojì. Mo ti ń ro ibi tí màá tẹ́ wọn sí, mo ti ń ro ata, mo ti ń gbọ́ àtẹ́wọ́ ìjọ létí mi.

Mo tò sórí ìlà. Ohùn kan sọ lẹ́yìn mi: "Bàbá Tòlótòló!"

Màmá Dékónẹ́ẹ̀sì. Nínú gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀!

Mo dọ̀bálẹ̀ bí a ṣe ń dọ̀bálẹ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì: ọwọ́ kan kan ilẹ̀, ọwọ́ kejì di tọ́rọ́lì mú. Màmá wo ẹrù mi, inú wọn dùn, wọ́n ní, "Àpò rẹ ò ní gbẹ láé." Mo ṣe Àmín tó lè fọ́ gíláàsì. Mo gbé káàdì lé ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní bíp. Kì í ṣe bíp aláyọ̀ o. Bíp méjì ni, tó ń lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Olólùfẹ́ mi, kò gbà á." Ní apá àríwá England yìí, tí ẹni tó ò mọ̀ rí bá pè ọ́ ní olólùfẹ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ báyẹn, nǹkan ti ṣe.

Mo nu káàdì mọ́ ṣòkòtò, àfi bí ẹni pé ìdọ̀tí ló gbé owó mi. Mo kì í bọ ihò ẹ̀rọ, mo tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Bíp méjì. Ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà báyìí, láti ẹnu ọ̀nà dé ibùdókọ̀, láti ibùdókọ̀ dé Liverpool. Ọmọ ìkókó kan tó ti ń ké láti àárọ̀ dákẹ́ kó lè gbọ́ dáadáa. Orin Kérésì tó ń dún lókè ṣíwọ́. Ni Màmá Dékónẹ́ẹ̀sì bá bọ́ ìbọ̀wọ́. Wọ́n gbé báàgì wọn fún bàbá òyìnbó tó wà lẹ́yìn wọn pé kó bá àwọn dì í mú. Wọ́n gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ.

"Ìwọ ẹ̀rọ! Gbogbo ẹ̀mí kò-gbà-á, mo pàṣẹ kó gbà á!"

Bàbá òyìnbó ṣí fìlà. Ọmọbìnrin tó ń gbowó dijú. Èmi ní "Àmín," kí ni ǹ bá tún ṣe? Màmá ní kí n gbé káàdì lé e lẹ́ẹ̀kan sí i.

Bíp méjì.

Síkiọ́rítì wá láti ẹnu ọ̀nà, ó ga bí ọ̀pẹ, rédíò wà léjìká rẹ̀. Mo ní ó parí, wọ́n máa tì mí síta. Ó wò mí. Ó wo tòlótòló. Ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó fi Yorùbá tó dán mọ́rán sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fowó ránṣẹ́ sílé lánàá, àbí?"

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ṣìkẹta lónìí."

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Ṣé Màmá gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ lóòótọ́? Mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Wọ́n sún mọ́ ọn gan-an ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ síkiọ́rítì, bí kì í bá ṣe pé Jésù ní ká má búra rárá, ǹ bá búra fún yín.

Màmá ní kí n jẹ́ káwọn san án. Mo ní rárá, Mà, káàdì mi kejì ni mo gbàgbé sílé. N ò ní káàdì kejì. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bá mi tún kọ́là aṣọ mi ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ǹ bá fẹ́ kí wọ́n bú mi.

Aago mẹ́rin ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù, oòrùn ti wọ̀. Mo jókòó sí ibùdókọ̀, òtútù ń jẹ mí ní gbogbo oríkèé. Inú ń bí mi. Ìyá Kékeré gan-an ni inú ń bí mi sí. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kó jọ sínú fóònù yẹn, ẹnikẹ́ni ò béèrè rí bóyá èmi alára ti jẹun. Mo ṣí voice note ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn, tí mo ti gbọ́ dé ibi aṣọ ọdún tí mo sì pa. Mo ní kí n gbọ́ ọ tán kínú lè bí mi dáadáa.

Wọ́n ti sọ̀rọ̀ tán ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Wọ́n gbàgbé láti pa á ni. Mo gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Mo gbọ́ ọmọ odó. Mo gbọ́ báńgà tí ọmọ kan yìn, àti ẹni tó fi í gégùn-ún. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan béèrè pé, "Ṣé ó ti fèsì?" Ìyá Kékeré ní, "Jẹ́ kó sinmi. Mo rí fọ́tò tó gbé síta, ọrùn rẹ̀ ti gùn jù. Irú ọrùn tí ìyá rẹ̀ ní nígbà tó ń ṣàìsàn."

Orí WhatsApp ni mo ti bá wọn sin ìyá mi. Ìyá Kékeré ló gbé fóònù dání fún mi ní etí sàréè, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Mo rí yẹ̀pẹ̀, mo rí ọ̀run, mo tún rí yẹ̀pẹ̀. Wọn ò gbé fóònù náà sọ̀kalẹ̀.

Ẹ ṣáà jẹ́ ká fi sílẹ̀.

Bọ́ọ̀sì dé. Awakọ̀ ní, "Wọlé, olólùfẹ́ mi." Àyà mi já! Mo gbé káàdì lé ẹ̀rọ rẹ̀, mo dijú. Bíp kan péré. Bíp aláyọ̀. Ó kù díẹ̀ kí n fún un ní ìdámẹ́wàá.

Nígbà tí mo ròyìn fún ìyàwó mi, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kò bá mi jà rárá. Ó kàn ń sọ "Méjì!" lóòrèkóòrè, yálà ó ń fọ abọ́ ni o, tàbí ó ń ká aṣọ. Àdúrà alẹ́ tó, ó kan àbíkẹ́yìn wa láti ka Lúùkù orí kejì. Àgùntàn kẹta ni wọ́n fi í ṣe nínú eré Kérésì ilé-ìwé wọn, látìgbà náà kì í bọ́ aṣọ àgùntàn yẹn. Ó kà á, ó gbé etí àgùntàn sókè, ó ní, "Dádì, kí ló dé tí Jósẹ́fù gbé aboyún rìnrìn-àjò?"

Mo ní, "Késárì ló ní kí gbogbo ayé wá forúkọ sílẹ̀. Báyómẹ́tíríìkì ni."

"Kí ló dé tí wọn ò rí yàrá?"

Ìyá rẹ̀ dáhùn: "Lándíláàdì ní kí wọ́n mú pésílíìpù oṣù mẹ́ta wá."

"Nígbà tí wọ́n sá lọ sí Íjíbítì, ṣé wọ́n ní físà?"

Mo ní kó tẹ̀ síwájú sí ọ̀rọ̀ àwọn amòye. Ó ní kò sí nínú Lúùkù, Mátíù ló wà. Mo ní ó dáa, Mátíù. Ó ní, "Wọ́n tó mélòó?" Bíbélì ò sọ. Ẹ̀bùn ló jẹ́ mẹ́ta: wúrà, tùràrí, òjíá. Iye àwọn tó gbé e wá ni ẹnikẹ́ni ò kà. Èmi sì mọ ìdí rẹ̀. Ilé Ìyá Kékeré ni wọ́n ti wá.

A ṣe oore-ọ̀fẹ́ tán, fóònù pariwo. Pásítọ̀: "Bàbá Tòlótòló wa, ẹ kú ìnáwó. Àwọn méjèèjì ńkọ́?" Kí n tó fèsì, òmíràn wọlé. Ìyá Kékeré, ìṣẹ́jú méje: wọ́n gbàgbé bàtà àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ ti di mọ́kànlá.

Mo bọ́ síta sẹ́nu ọ̀nà, mo tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, mo gbé ẹnu sún mọ́ fóònù. Mo kí wọn dáadáa. Mo kí àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Mo kí aládùúgbò tó ni jẹnẹrétọ̀. Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Ìyá Kékeré, n ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu o. Tòlótòló méjì ni mo nílò lọ́wọ́ yín. Owó rẹ̀ náà dáa."

Obìnrin tó máa ń gba ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ni èyí gbà.

"Ọkọ mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa níbí o. Ohùn rẹ ń já."

Voice note ni mo fi ránṣẹ́ o. Kì í ṣe ìpè.