Ọmọ-ọ̀dọ̀ nìkan kọ́ o

Ẹ ní kí ìyá tó bímọ sí ìlú tí kò ti ní ẹbí gba ọmọ-ọ̀dọ̀, ó parí. Owó dà? Ìkàrẹ́ Àkókó ni ìyá mi wà, Ṣàgámù ní Rẹ́mọ la ti ń ṣiṣẹ́. Òfin iṣẹ́ fún wa ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti 6 lẹ́yìn rẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Ọmọ tí a fi sílé lọ síbi iṣẹ́ ńkọ́, báwo la ṣe fẹ́ fún un lọ́mú? Jẹ́lé-ó-sinmi àdúgbò wa ń tì ní aago 4, aago 6 là ń ṣíwọ́. Ìyá ẹlẹ́kọ ojúlé kejì ló ń gbà mí. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi oríkì Rẹ́mọ kì í (ọmọ Àkókó, ẹ gbọ́!). Ìyá yẹn náà sì lọ́jà tó ń tà. Àwọn agbanisíṣẹ́ ni kí ẹ lọ bi léèrè ìṣẹ́jú 30 yẹn.