Ààrẹ kan ò lè dá Nàìjíríà tún ṣe: ẹ tẹ̀lé owó, ẹ tẹ̀lé àṣẹ

Bí ìdìbò bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan náà la máa ń gbọ́ ní gáréèjì, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ àti lórí rédíò: "Ká ṣáà ti rí èèyàn gidi kan gbé dé Aso Rock, gbogbo ẹ̀ á dáa." Wọ́n sọ ọ́ nípa Buhari ní 2015. Àwọn tó tẹ̀lé Peter Obi ní 2023 sọ ọ́, àwọn ará Tinubu náà sì ń kéde ìrètí ọ̀tun kiri. Wọn ò fẹ́ràn ara wọn, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ kan náà ni gbogbo wọn dì mú. Ìgbàgbọ́ ọ̀hún kì í pẹ́ fọ́ tí èèyàn bá ṣí ìwé òfin 1999.

Ẹ mú gọ́tà iwájú ilé yín. Iṣẹ́ ta ni? Ẹ̀yìn ìwé òfin náà ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, itẹ́ òkú, kíkó ilẹ̀, títì àdúgbò, gọ́tà, iná ojú títì. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Káńsù àti ìpínlẹ̀ ló jọ ni í. Ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ kọ́lé sí, òfin ilẹ̀ ti 1978 ti fi sábẹ́ gómìnà. Nínú gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀, kò sí ibi tí Ààrẹ ti lè pàṣẹ tààrà, àfi ní Àbújá.

Owó náà ńkọ́? Lóṣooṣù, ìgbìmọ̀ FAAC máa ń jókòó láti pín owó àpò àpapọ̀. Tí wọ́n bá ti yọ 13% sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún àwọn ìpínlẹ̀ tó ń mú epo jáde, ìjọba àpapọ̀ á mú 52.68%, àwọn ìpínlẹ̀ á mú 26.72%, ìjọba ìbílẹ̀ 774 á sì pín 20.60% tó kù. Ti VAT, owó orí ọjà, tún yàtọ̀. Látìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, 10% péré ló kan ìjọba àpapọ̀. 55% ti ìpínlẹ̀ ni, 35% ti ìbílẹ̀. Ẹni tó bá ń bi Ààrẹ pé níbo ni owó VAT wọlé sí, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíì ló ń kàn.

Owó ìbílẹ̀ wá ní ọ̀nà tó ń gbà sọnù. Abala 162 ìwé òfin ní kí wọ́n san án sínú àkántì kan tí ìpínlẹ̀ àti àwọn káńsù rẹ̀ jọ ní, kí ìpínlẹ̀ wá pín in. Ibẹ̀ gan-an ni gọ́tà yín ti ń kú. Kí owó tó kúrò nínú àkántì yẹn, wọ́n á ti yọ owó oṣù tíṣà, wọ́n á yọ owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́yìn náà ni "iṣẹ́ àjùmọ̀ṣe" tí alága káńsù ò lè sọ ibi tó wà á tún dé. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni káńsù fi ń ra ìgbálẹ̀ àti yẹ́ẹ̀pẹ̀. Títí di 2024, ọ̀pọ̀ gómìnà ò tilẹ̀ jẹ́ kí wọ́n dìbò yan alága. Ńṣe ni wọ́n kàn ń yan fìdíhẹ, ẹni tí kò lè bi wọ́n ní ìbéèrè kankan.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ dá a pé kí owó káńsù máa lọ sí káńsù tààrà, àti pé káńsù tí alága fìdíhẹ bá ń darí ò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló gbé ẹjọ́ náà lọ, ẹ jẹ́ ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Àmọ́ kí ló tẹ̀ lé e? Àwọn ìpínlẹ̀ sáré ṣe ìdìbò ìbílẹ̀, àjọ elétò ìdìbò tí gómìnà fúnra rẹ̀ yàn ló sì ń ṣe é. Ní Kano, ẹgbẹ́ NNPP tó ń ṣèjọba níbẹ̀ nígbà náà gbé gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 44 ní 2024. Ní Èkó, APC tó ń ṣèjọba gbé gbogbo ipò alága ní 2025. Ẹgbẹ́ méjì tó ń bá ara wọn jà, àbájáde kan náà.

Ẹlòmíì á ní, "Kí Ààrẹ yí òfin náà padà nígbà náà." Kó fi kí ni yí i? Kí àtúnṣe ìwé òfin tó lè dúró, ó gbọ́dọ̀ rí sẹ́nẹ́tọ̀ 73 nínú 109, aṣojú-ṣòfin 240 nínú 360, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 sì tún fọwọ́ sí i. Buhari buwọ́ lu àtúnṣe 16 ní oṣù kẹta 2023, lára rẹ̀ ni pé kí ìpínlẹ̀ lè ṣe iná mànàmáná tirẹ̀ níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ dé, kí ó sì lè ṣe ọkọ̀ ojú irin. Èyí tó fẹ́ yọ owó káńsù lọ́wọ́ gómìnà ò sí níbẹ̀. Kò rí ìpínlẹ̀ 24 kó jọ, nítorí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tí gómìnà ń bọ́ ò ní já oúnjẹ gbà lẹ́nu gómìnà.

Àwọn tí Ààrẹ á fi ṣiṣẹ́ pàápàá, kò lè fi ìfẹ́ inú rẹ̀ nìkan yàn wọ́n. Òfin ní kí mínísítà jáde láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí àwọn sẹ́nẹ́tọ̀ sì yẹ̀ wọ́n wò. Buhari gorí àlééfà ní May 29, 2015, oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n tó búra fún àwọn mínísítà rẹ̀. (Àtúnṣe 2023 ti fi ọjọ́ 60 há a báyìí fún fífi orúkọ ránṣẹ́, ó sì dára bẹ́ẹ̀.)

Mi ò sọ pé ọwọ́ Ààrẹ ṣófo o. Ológun, ọlọ́pàá, kọ́sítọ́ọ̀mù, epo rọ̀bì, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà. Ní May 29, 2023, Tinubu fi gbólóhùn kan kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, lítà epo ti fò láti nǹkan bíi ₦190 kọjá ₦480. Agbára kékeré kọ́ nìyẹn. Àmọ́ kò sí gbólóhùn tí Ààrẹ lè sọ ní Eagle Square, níbi tí wọ́n ti ń búra fún un, tó máa fi òrùlé sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní àdúgbò yín. Owó ilé ìwé tí UBEC, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, ń tọ́jú ní Àbújá gan-an, ìpínlẹ̀ tí kò bá mú ìdajì tirẹ̀ wá kì í rí i gbà, owó náà á sì jókòó síbẹ̀.

Ẹ wá wo bí a ṣe ń dìbò. Ní 2023, èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 93 ló forúkọ sílẹ̀; àwọn tó dìbò Ààrẹ ò tó 27% nínú wọn. Tí ọjọ́ ìdìbò káńsù bá dé, ọ̀pọ̀ wa máa ń fi ṣe ọjọ́ bọ́ọ̀lù àti aṣọ fífọ̀, torí pé ìjọba ti dí títì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gọ́tà rẹ̀ lè lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Kò pọn dandan kó sọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni ọ́fíìsì náà ní láti fèsì, ó sì lè fi méje míì kún un. Tí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ́n ọjọ́ ló wà láti gbé wọn lọ sí kóòtù. Ohun tó ń ba lẹ́tà bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni kí ó fẹ̀ jù. "Ẹ jẹ́ ká mọ bí ẹ ṣe ń náwó" ò ní mú nǹkan kan wá. Ẹ kọ orúkọ títì náà, oṣù tí ẹ fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ béèrè iye tó wà fún un nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n ti san, àti orúkọ kọngilá. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí tiyín kí ẹ tó kúrò lọ́fíìsì. Tí kò bá sí òǹtẹ̀, ẹ ò lè fi hàn níwájú adájọ́ pé ọjọ́ méje ti pé.

Aṣòfin tó bá sì ń sùn, òfin gbà kí ẹ pè é padà sílé. Àwọn tó buwọ́ lùwé gbọ́dọ̀ lé ní ìdajì gbogbo ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní àgbègbè ìdìbò náà. Ní Kogi West lọ́dún 2018, wọ́n kó ìbuwọ́lùwé 189,870 jọ láti pe sẹ́nẹ́tọ̀ wọn, Dino Melaye, padà. Nígbà tí INEC ní kí àwọn tó buwọ́ lù ú fi ara wọn hàn ní ibùdó ìdìbò, 18,742 péré ni wọ́n rí fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tú ká. Orúkọ lórí ìwé ò tó. Àwọn olórúkọ gbọ́dọ̀ jáde wá lọ́jọ́ àyẹ̀wò pẹ̀lú káàdì lọ́wọ́. Àgbègbè aṣòfin ìpínlẹ̀ kéré gan-an sí ti sẹ́nẹ́tọ̀, èèyàn tí ẹ máa kó jáde níbẹ̀ ò sì ní pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni kí ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.