Náírà Á Bá Yín Wọ Bàálù: Ọ̀rọ̀ Sí Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Fẹ́ Jápa

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ti ń ta ilẹ̀, tẹ́ ẹ ti ń ta mọ́tò, tẹ́ ẹ ń yọ́ kẹ́lẹ́ lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ má baà gbọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán. Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ má wá. Èmi tí mo fi Àkúrẹ́ sílẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2023, tí mo kó ìyàwó àti ọmọ wá sí ìlú òyìnbó, UK níbí, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ ọ́? Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni mo fẹ́ sọ fún yín: wàhálà tẹ́ ẹ ń sá fún nílé yẹn, ẹ̀yin àti òun lẹ jọ máa wọ bàálù.

Báǹkì ni mo ti ṣiṣẹ́ nílé, ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Owó ni mò ń kà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n kà. Owó ilé-ẹ̀kọ́ mi fún másítà ọlọ́dún kan jẹ́ £13,000. Mo san ìdajì kí n tó gba físà. Ìdajì tó kù, £6,500, wọ́n ní mo lè san án títí oṣù Kẹwàá. Nígbà yẹn, pọ́ùn kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó kò tíì tó ẹgbẹ̀rún náírà. Mo ta Corolla mi, mo ta pulọ́ọ̀tì kan tí mo ní ní Ọba-Ilé, mo fi mílíọ̀nù mẹ́fà náírà sílẹ̀ sínú àkáǹtì ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó pé. Mo tilẹ̀ ní kí wọ́n fi owó náà síbi tí yóò ti máa bí èlé títí àsìkò á fi tó.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Lítà bẹntiróòlù kan tí kò tó ₦200 di nǹkan bíi ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà, báǹkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ pé kí ọjà máa dá iye rẹ̀ lé e. Mo gbọ́ méjèèjì níbí. Mo mi orí, mo káàánú àwọn ará ilé. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé èmi gan-an ni wọ́n ń bá wí.

Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, ẹ̀gbọ́n mi pè mí. Ohùn wọn ti yàtọ̀. "Àbúrò, mo ti dé ọ̀dọ̀ ẹni mẹ́rin o. £4,300 ni wọ́n ní owó yìí lè rà." Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Mílíọ̀nù mẹ́fà náà ṣì wà níbẹ̀, kọ́bọ̀ kan ò dín, ó tilẹ̀ ti bí èlé díẹ̀. Pọ́ùn inú rẹ̀ ló ti gbẹ.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni ilé-ẹ̀kọ́ fún mi. Tí mi ò bá san án, wọ́n á yọ orúkọ mi, wọ́n á sì kọ̀wé sí Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà níbí. Bí físà tèmi bá ti lọ, ti ìyàwó àti ti ọmọ ti lọ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ò sì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ, ẹni tó bá sì kọjá ibẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba físà rẹ̀ jẹ́ ni. Ìyàwó mi ló ń ṣiṣẹ́ òru nígbà náà, tó bá dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, ó tún ń lọ tún ilé onílé ṣe. A yá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọjọ́ kẹtàlá la san án tán. Ọmọ Ìbàdàn kan tá a jọ wà ní kíláàsì kò rí tirẹ̀ san. Iṣẹ́ ìwádìí ìparí nìkan ló kù fún un, ó ti kọ ọ́ ju ìdajì lọ, wọ́n sì yọ ọ́. Ó fi ìkòkò rẹ̀ àti ẹní ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. A ṣì ń se ọbẹ̀ nínú ìkòkò náà. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, pọ́ùn kan ti kọjá ₦2,000.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á bó ṣe yé mi, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì rò pé ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì ò kan ẹni tí kì í ṣe ará Niger Delta. Láti ìgbà tí wọ́n ti rí epo ní Oloibiri lọ́dún 1956, díẹ̀ díẹ̀ la ti gbé gbogbo ẹrù wa lé orí ohun kan ṣoṣo. Èyí tó pọ̀ jù nínú dọ́là tó ń wọlé fún Nàìjíríà láti inú ohun tá à ń tà sókè òkun, epo rọ̀bì ló ń mú un wá. Bẹ́ẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹntiróòlù tá à ń rà sínú mọ́tò, ìrẹsì, oògùn, ẹ̀rọ, dọ́là la fi ń rà wọ́n wọlé. Nígbà tí dọ́là bá dín, náírà á wó. Àgbá epo kan kọjá $100 ní àárín ọdún 2014. Nígbà tó fi máa di oṣù Kìíní 2016 ó ti wálẹ̀ kọjá $30, ọdún yẹn náà sì ni ọrọ̀ ajé wa dojú dé. Àwọn tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ nígbà yẹn ní báǹkì wa, mo rántí orúkọ wọn.

Èyí tó tún dùn mí jù ni ti ọdún 2022. Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine gbé epo kọjá $100. Ọdún ẹ̀rín ló yẹ kó jẹ́ fún wa. Àmọ́ àwọn olè ti ń lu páìpù débi pé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, epo rọ̀bì tá à ń fà jáde kò pé mílíọ̀nù kan àgbá lójúmọ́, bẹ́ẹ̀ OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo rọ̀bì, fún wa láàyè ju mílíọ̀nù kan àbọ̀ lọ. Tí epo bá wọ́n, a ò rí i tà tó. Tí a bá rí i tà, kò níye lórí mọ́. Ẹni tó bá gba físà tó wá fi owó ilé-ẹ̀kọ́ tó kù sílẹ̀ ní náírà, orí ìyẹn ló gbé ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ kà.

Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá kàwé, ẹ san gbogbo owó náà kí ẹsẹ̀ yín tó kúrò nílé. Tí agbára yín ò bá gbé e, ẹ ṣẹ́ ìyókù sí pọ́ùn lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ta ilẹ̀ yẹn gan-an, kẹ́ ẹ tọ́jú rẹ̀ ní pọ́ùn. Ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ dúró pé náírà á lágbára lóṣù tó ń bọ̀. Èlé tí wọ́n fún mi ní báǹkì lóṣù mẹ́jọ, wíwó náírà láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ló gbé e lọ. Ẹ fi owó ìlera tí wọ́n ń gbà pẹ̀lú físà sí i pẹ̀lú: £776 lọ́dún kan fún akẹ́kọ̀ọ́, £1,035 fún òṣìṣẹ́, wọ́n á sì gba ti gbogbo ọdún físà náà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ kékeré pàápàá ní tirẹ̀.

Òfin tí mo bá wọlé ti yí pa dà. Láti oṣù Kìíní 2024, akẹ́kọ̀ọ́ másítà lásán ò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ wá mọ́. Láti ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún yẹn, òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbà náà ò lè mú ẹbí wá. Nígbà tó sì di ọjọ́ 22 oṣù Keje 2025, wọ́n ti ilẹ̀kùn gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú àgbà láti òkè òkun pátápátá. Mo ń pariwo èyí torí mo ṣì ń gbọ́ pé àwọn ejẹ́ńtì ń gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn pé àwọn ní CoS ìtọ́jú àgbà nílẹ̀, ìyẹn ìwé tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ kó lè gba físà. Olè ni wọ́n. Obìnrin kan láti Iléṣà, tíṣà ni nílé, ó ra tirẹ̀ ní mílíọ̀nù mẹ́wàá kí ilẹ̀kùn tó tì. Ó dé, ilé-iṣẹ́ náà ò ní iṣẹ́ kankan fún un. Wákàtí mẹ́fà lọ́sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ kejì òdo. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ìjọba gba láíṣẹ́ńsì tí wọ́n fi ń gba òṣìṣẹ́ láti òkè òkun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì fún obìnrin yìí ní ọgọ́ta ọjọ́ kó rí ẹlòmíràn tó máa gbà á tàbí kó máa lọ. Ilé baba rẹ̀ ni wọ́n fi yá mílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn.

Mo fẹ́ wá sọ ti ààbò, torí mo mọ̀ pé òun ló ń lé ọ̀pọ̀ nínú yín jáde. Òun náà wà lára ohun tó lé mi. Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ènìyàn nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀ lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà 2022, lọ́jọ́ Àìkú, ní ọ̀sán gangan, ìyàwó mi ò sùn dáadáa mọ́. Níbí, a ń sùn. Ọmọ mi ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé. Mi ò ní fi ìyẹn ṣeré, ohun ńlá ni.

Àmọ́ àwọn tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ ń kọ́? Ní oṣù Kọkànlá 2024, mo wà níbi iṣẹ́ òru. Ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún ni mò ń yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ara wọn má baà bó. Fóònù ń gbọ̀n lápò mi, kò dẹ́kun. Mo ti wọ ìbọ̀wọ́ ọ̀rá, mi ò lè fà á yọ. Nígbà tí mo parí, ìpè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀. Àwọn ajínigbé ti mú Bàbá kékeré, àbúrò bàbá mi, lọ́nà oko kòkó rẹ̀ lápá Ọ̀wọ̀. Ojú ọ̀nà tó ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ìfọ̀n yẹn náà ni wọ́n ti pa Olúfọ̀n ti Ìfọ̀n ní oṣù Kọkànlá 2020, ọba aládé. Ta wá ni Bàbá kékeré? Nígbà tí mo padà wọ yàrá, ìyá yẹn di ọwọ́ mi mú, wọ́n bi mí bóyá òtútù ń mú mi.

Àádọ́ta mílíọ̀nù ni wọ́n béèrè. Ìyàwó Bàbá kékeré ní níbo ni àgbẹ̀ ti fẹ́ rí i. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ náà dáhùn pé, "Ẹ ní ọmọ ní London." Mi ò gbé London rí. Fọ́tò mi ni wọ́n rí nínú fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Bàbá kékeré: èmi, nínú kóòtù dúdú, yìnyín nílẹ̀, mọ́tò ẹlòmíràn lẹ́yìn mi. Èmi ni mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn, inú wọn dùn, wọ́n fi ṣe ojú fóònù wọn. Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n lò nínú igbó. Mílíọ̀nù mẹ́rin ló tú wọn sílẹ̀, £1,200 nínú rẹ̀ tọwọ́ mi lọ, owó tí mo fẹ́ fi tún físà ṣe. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹni tó ń rin ọ̀nà oko. Ẹ bá wọn sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó lọ pé kí wọ́n má fi orúkọ ìlú tẹ́ ẹ wà ṣe ìfọ́nnu lọ́jà. Ẹ sì máa fi nǹkan pamọ́ lóṣooṣù, bó ti wù ó kéré mọ, sí ibi tí ọwọ́ yín ò ní tètè dé, torí ìpè òru yẹn kì í bèèrè bóyá wọ́n ti san owó oṣù.

Ohun kan wà tí mo máa ń rò tí mo bá ń ti iṣẹ́ òru bọ̀. Kòkó ni ìwọ̀ oòrùn fi dìde. Ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955, kí ẹnikẹ́ni tó mọ Oloibiri, owó kòkó sì lọ́wọ́ níbẹ̀ gan-an. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó jókòó sí kíláàsì yẹn. Nígbà tí owó epo ya wọlé, a kẹ̀yìn sí oko. Lọ́dún 2024 tí wọ́n mú Bàbá kékeré yẹn, tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, iye tí kò tó rí. Ọdún tí àgbẹ̀ kòkó ìpínlẹ̀ Oǹdó yẹ kó fi kọ́lé nìyẹn.

Bàbá kékeré ò tíì padà sí oko náà láti ìgbà yẹn. Wọ́n wá alábòójútó kan, ó lọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ní òun ò lọ mọ́. Mo bá ìyàwó wọn sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní àwọn Àmọ̀tẹ́kùn gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì sọ pé kòkó ti pọ́n kọjá ààlà, ó ti ń dúdú lórí igi.