Ibà Lassa kò ti láàbù wá

Ẹnìkan tún ti gba ohùn sílẹ̀ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa ní Kubwa: òyìnbó ló po ibà Lassa nínú láàbù, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ òun fún àyẹ̀wò. Ó tó gẹ́ẹ́, ẹ jọ̀ọ́.

Ọdún 1969 ni Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, kó àrùn náà ní ìlú Lassa, ní Borno. Wọ́n gbé e lọ sí Jos, ibẹ̀ ló kú sí. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ kó o, òun náà kú. Ẹnìkẹta, Lily Pinneo, ni wọ́n fi bàálù gbé lọ sí New York. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì yìí ni wọ́n yẹ̀ wò ní Yale, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó mọ ohun tó ń pani. Àrùn ọ̀hún tún dá Jordi Casals tó ń ṣèwádìí rẹ̀ wólẹ̀. Ohun tí wọ́n fà nínú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fi dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Juan Roman, òṣìṣẹ́ láàbù níbẹ̀, kò rí ẹni dóòlà tirẹ̀. Yale bá pa iṣẹ́ náà tì. Ṣé ẹni tó po májèlé ló tún ń wá ẹ̀jẹ̀ láti Jos kó tó mọ ohun tó pò?

Lọ́dún 2015, àwọn tó ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà ní ó ti wà ní Nàìjíríà láti nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Láàbù ta nìyẹn?

Wọ́n á ní ẹ rántí Pfizer, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó dán oògùn wò lára àwọn ọmọdé ní Kano, 1996. Ọ̀ràn oògùn nìyẹn.

Ó dáa, láàbù máa ń jò: ṣànpọ̀nná láàbù ló pa Janet Parker ní Birmingham lọ́dún 1978. Amẹ́ríkà pàápàá dá owó dúró láti 2014 sí 2017 lórí ìwádìí tó lè sọ fáírọ́ọ̀sì bíi ti flu di líle sí i. Àríyànjiyàn gidi nìyẹn. Ti Lassa kò sí níbẹ̀.

Èkúté ló ni Lassa, èyí tí ọmú rẹ̀ pọ̀ yẹn. Ó ń tọ̀, ó ń yàgbẹ́ sínú oúnjẹ. Mo gbé Jos kí n tó wá sí Abuja: bí ọyẹ́ bá ti dé, tí wọ́n dáná sun igbó, inú ilé ni èkúté ń sá wọ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ ni a ń ṣà kúrò nínú gaàrí láàárọ̀. Ẹ bi ará Ọ̀wọ̀ léèrè ìgbà tí aláìsàn Lassa máa ń kún ọsibítù wọn. Ẹ̀ẹ̀rùn ni.