Ápù kọ́ ló lé ṣọ́jà lọ

Tí oṣù kẹfà bá ti ń sún mọ́lé, ọ̀rọ̀ kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn: “Ẹ yé pariwo June 12 sí wa létí. Kí laráàlú rí ṣe fún ṣọ́jà? Ọlọ́run ló fi ápù mú Abacha lọ, òun la fi rí ìbò dì.” Àwọn àgbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú wọn gan-an ń sọ ọ́, wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. N ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Irọ́ ni, ẹni tó bá sì fẹ́ jókòó pa sórí àga lọ́la ló máa jèrè rẹ̀.

Òótọ́ ibẹ̀ ò ju pé Abacha, olórí ìjọba ológun, kú lójijì ní 8 June 1998. Ápù ni o, àgbálùmọ̀ ni o, n ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Mo sì gbà pé kò sẹ́ni tó lè búra pé ì bá gbéjọba sílẹ̀ ká ní kò kú. Àmọ́ ọ̀gágun kan ṣoṣo ló kú. Àwọn tó kù ń bẹ láàyè, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn, owó epo rọ̀bì wà níkàáwọ́ wọn. Nígbà tí Abdulsalami Abubakar gba ipò lọ́jọ́ kejì, kí ni ò jẹ́ kí òun náà tẹ́ ẹní tiẹ̀? Babangida ṣáájú rẹ̀ lo ọdún mẹ́jọ. Ó ní òun ń lọ ní 1990, ó di 1992, ó di January 1993, ó tún di August. Abdulsalami ò lò tó ọdún kan tó fi gbéjọba sílẹ̀ ní 29 May 1999. Àwọn kan á ní ọkàn rẹ̀ ló mọ́. Bóyá. Èmi rò pé ìlú tó bá nílẹ̀ ló jẹ́ kó tètè mọ̀ pé àga náà gbóná.

Ọdún márùn-ún gbáko ni wọ́n fi koná mọ́ ọn. Ní 23 June 1993, Babangida fagi lé ìbò ààrẹ ti 12 June tí Abiola fi wọlé. Ní 5 July, Campaign for Democracy, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ tí Beko Ransome-Kuti ń darí, ní kí aráàlú jáde. Ọjà tì ní Èkó, ọkọ̀ ò ná. Ṣọ́jà yìnbọn, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ bá a lọ. Nígbà tó di 26 August, Babangida ní òun yẹ̀bá. Ẹ jọ̀ọ́, ápù wo ni ìyẹn jẹ? Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ó sì lọ.

Ní November, adájọ́ obìnrin kan ní Èkó, Dolapo Akinsanya, dájọ́ pé ìjọba fìdí-hẹ tí wọ́n gbé fún Shonekan kò bófin mu. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Abacha já a gbà. Ibẹ̀ la ti kó sínú èyí tó burú jù.

Ìyanṣẹ́lódì àwọn òṣìṣẹ́ epo ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí òun làwọn oní-ápù kì í fẹ́ẹ́ rántí. Abiola kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Epetedo ní June 1994, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ní 4 July, NUPENG, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo tí Frank Kokori jẹ́ akọ̀wé àgbà rẹ̀, gbé iṣẹ́ jù sílẹ̀. PENGASSAN, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá òṣìṣẹ́ epo, tẹ̀ lé wọn. Tánkà ò gbé epo mọ́, ilé epo gbẹ, ó sì tó bí oṣù méjì kó tó rọlẹ̀. Abacha tú àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ náà ká, ó fi èèyàn tirẹ̀ síbẹ̀, ó ju Kokori sí àtìmọ́lé títí dé ọgbà ẹ̀wọ̀n Bama ní Borno. Ọkùnrin náà ò jáde àfìgbà tí Abacha kú. Ọmọ Urhobo sì ni o. Àwọn tó ń pe June 12 ní ìjà Yorùbá ló kù kó sọ ohun tó gbé e dé Bama fún wa, kí wọ́n sì sọ ti Kano pẹ̀lú, níbi tí Abiola ti na Tofa, ẹni tí wọ́n jọ du ipò ààrẹ, nílé Tofa.

Ìyanṣẹ́lódì náà ò tú Abiola sílẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ láti ìgbà náà, ìjọba yẹn ò sùn dáadáa mọ́. Ó ti Punch pa, ó ti Concord àti Guardian pa, síbẹ̀ àwọn oníròyìn Tell àti TheNews ń tẹ ìwé wọn ní bòókẹ́lẹ́. Ó ń lépa àwọn èèyàn, wọ́n ń gba ẹnubodè Benin sá lọ, wọ́n sì ń ti òkè òkun sọ̀rọ̀ sí i lórí Radio Kudirat. Kudirat fúnra rẹ̀, ìyàwó Abiola, ti fẹ̀mí dí i: 4 June 1996 ni wọ́n yìnbọn pa á ní Èkó.

Ó wá di 1998, Abacha fẹ́ bọ́ aṣọ ológun wọ agbádá. Ẹgbẹ́ òṣèlú márààrún tó forúkọ sílẹ̀ fa òun nìkan kalẹ̀. Bola Ige ní ìka márùn-ún ọwọ́ adẹ́tẹ̀ ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n ní ká wá dìbò aṣòfin ní 25 April, ọ̀pọ̀ èèyàn jókòó sílé wọn. Lọ́jọ́ kìíní oṣù May, Ìbàdàn gbaná. Wọ́n pa èèyàn, wọ́n kó Bola Ige àti Lam Adesina, alákòóso ológun ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ní ẹlẹ́wọ̀n ogun ni wọ́n. Ẹlẹ́wọ̀n ogun yìí, Lam Adesina, ni wọ́n búra fún gẹ́gẹ́ bíi gómìnà Ọ̀yọ́ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìlú tí Abdulsalami jogún nìyẹn, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ kí Abacha tó kú.

Mo mọ̀ pé owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́dún náà, mo sì mọ̀ pé Commonwealth ti yọwọ́ Nàìjíríà kúrò láwo láti 1995 tí wọ́n ti so Ken Saro-Wiwa kọ́. Àmọ́ ta ló ń gbé ẹjọ́ ìlú lọ bá àwọn òkè òkun? Àwọn tí ṣọ́jà lé kúrò nílé náà ni.

Ẹni tí èyí ò bá tíì tẹ́ lọ́rùn, kó wá ṣàlàyé 2006. Obasanjo wà lórí oyè, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ní aṣòfin jù, àwọn kan sì fẹ́ tún òfin ìlú ṣe kí ààrẹ lè lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Bàbá náà ní òun ò bẹ ẹnikẹ́ni, kò burú. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n AIT gbé àríyànjiyàn àwọn aṣòfin sáfẹ́fẹ́, kálukú wá ń rí ibi tí aṣojú òun dúró sí. Ní 16 May, ilé aṣòfin àgbà da àbá náà nù. Nígbà tó di 29 May 2007, Obasanjo gbé ìjọba fún Yar'Adua, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ kọrí sí oko rẹ̀ ní Ọ̀tà.