Àwọn bíríkìlà Sùúrùlérè dà?
Ìròyìn yín lórí ilé ìjọba Sùúrùlérè dùn ún kà, àmọ́ LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe nígbà náà, nìkan lẹ ń dárúkọ ṣáá, àfi bí ẹni pé ìwé àṣẹ ló po kọnkéré. Bàbá mi wà lára àwọn bíríkìlà ibẹ̀. Lẹ́yìn 1955, nígbà tí wọ́n ń wó ilé onílé láàárín Èkó, Ìjẹ̀bú-Igbó lòun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá, inú ilé tí kò tíì ní páànù ni wọ́n ń sùn. Búlọ́ọ̀kù já lu àtàǹpàkò rẹ̀, èékánná ibẹ̀ ò hù mọ́ títí ó fi kú. Agbaṣẹ́ṣe ní kó fi epo pupa ra á, ó tún yọ owó ọjọ́ náà. Ìkà! Bí mólúè bá gbé wa gba ibẹ̀ kọjá, ìka yẹn ló máa nà sí fèrèsé kan: "Èmi ni mo mọ ìyẹn o." Ìyá mi á ní kó jẹ́ kérò sinmi. Àwọn tí wọ́n wó ilé wọn l'Ékòó, tí wọ́n kó lọ sí Sùúrùlérè, náà jìyà o: owó ọkọ̀ lọ sọ́jà Èkó ń jẹ èrè wọn tán. Fèrèsé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí, wọ́n ń ta káàdì fóònù níbẹ̀.